Ohun tó yẹ ká wò nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n dáwọ́ ogun dúró

Tí ogun bá ti gbóná, ìpè á máa wá lọ́tùn-ún lósì: ààrẹ kan ní kí wọ́n dáwọ́ ìjà dúró, àjọ kan ní kí wọ́n jẹ́ kí oúnjẹ wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú ìpè bẹ́ẹ̀ máa wúlò fún àwọn tó há sáàárín ìbọn, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn tó ń jà fúnra wọn fọwọ́ sí i, bóyá ó dárúkọ aago tí ìbọn máa dákẹ́, àti bóyá ó yan ẹni tó máa ṣọ́ ọ.

Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wò. Orílẹ̀-èdè 15 ló wà níbẹ̀. Kí ìpinnu tó kọjá, ó kéré tán 9 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ìkankan nínú Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì má sì ta kò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ìpinnu kọjá, ọ̀tọ̀ ni kí ìbọn dákẹ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2024, orílẹ̀-èdè 14 dìbò fún Ìpinnu 2724 pé kí ìjà dáwọ́ dúró ní Sùdáànì nínú oṣù Ramadan. Rọ́ṣíà nìkan ni kò dá sí i: kò fọwọ́ sí i, kò sì ta kò ó. Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ààwẹ̀ parí, ìjà ò dúró.

Aago àti ìbuwọ́lùwé nìkan kò tó o. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àwọn ọmọ ogun Sùdáànì àti RSF, ẹgbẹ́ ológun tó ń bá wọn jà, buwọ́ lu ìwé ní Jeddah pé àwọn máa sinmi ìjà fún ọjọ́ méje, láti aago 9:45 alẹ́ ọjọ́ 22. Amẹ́ríkà àti Saudi Arabia ló là wọ́n. Òkèèrè ni àwọn tó ń ṣọ́ àdéhùn náà ti ń wò, wọn ò sí ní ìgboro Khartoum, olú ìlú Sùdáànì. Kí oṣù náà tó parí, àwọn ọmọ ogun Sùdáànì ti yọwọ́ nínú ìjíròrò.

Ẹ fi ti Yemen wé e. Àdéhùn oṣù méjì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2022 sọ pé ọkọ̀ ojú omi 18 tó gbé epo máa wọ èbúté Hodeidah, bàlúù méjì á sì máa ná Sana'a, olú ìlú Yemen, lọ́sẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé lè kà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sún un síwájú, títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá. Nígbà tó tiẹ̀ parí, ogun ò padà gbóná bíi ti tẹ́lẹ̀. Èmi gbà pé kíka ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan yìí ṣe ju ọ̀rọ̀ dídùn lọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀: ìrànwọ́ kò gbọ́dọ̀ dúró de àdéhùn. Òfin ogun ti sọ pé ẹni tó ń jà lè yẹ ẹrù wò, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dínà rẹ̀ láìnídìí, kò sì gbọ́dọ̀ fi ebi ja ará ìlú. Ẹni tó bá ní “ẹ jẹ́ ká parí ìjà ná” ń gbé ẹ̀tọ́ wọn sórí àtẹ.

Kí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbéra, wọ́n á fi nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ awakọ̀, ọ̀nà àti wákàtí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ tó ń jà. OCHA, ọ́fíìsì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ìrànwọ́, ló sábà máa ń ṣe alárinà. Tí èsì ò bá dé, wọn kì í lọ. Ìsàlẹ̀ ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́: ọ̀gá ológun ti gbọ́, ọmọ ogun tó dúró sójú ọ̀nà ò gbọ́. Tàbí kí ìwé ìyọ̀ǹda jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́ta, kí ọkọ̀ fi méjì jókòó síbi àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ojú ọjọ́ náà wà ńbẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n ti ẹnubodè Adré tó so Chad mọ́ Dárfúr ní ìwọ̀ oòrùn Sùdáànì. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n tó ṣí i, nígbà tí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́.

Ní ti iye ẹrù, kalori 2,100 àti omi lítà 15 lójúmọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ ń lò gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n fún ẹnì kan. Oúnjẹ gbígbẹ bí ìdajì kílò ló máa pèsè kalori yẹn. Fún ọ̀kẹ́ márùn-ún èèyàn, ìyẹn 100,000, ó jẹ́ tọ́ọ̀nù 50 lójúmọ́: ọkọ̀ méjì sí mẹ́ta tó ń gbé tọ́ọ̀nù 20. Nítorí náà, tí wọ́n bá kéde pé ọkọ̀ mẹ́wàá ti wọlé, ẹ béèrè pé fún ọjọ́ mélòó, fún èèyàn mélòó.

Omi wọn, mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lítà lójúmọ́, kò ṣeé fi ọkọ̀ kó. Ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ fà á jáde, epo dísù ló sì ń gbé ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ epo ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá dúró, wọ́n á ní àwọn jagunjagun lè jí i lò. Ohun tó sábà máa ń tú u ni pé kí wọ́n kọ iye lítà tí ilé ìwòsàn àti kànga kọ̀ọ̀kan nílò lọ́sẹ̀ sílẹ̀, kí ẹnì kan tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbà sì máa lọ wọn ohun tó kù nínú táǹkì kí wọ́n tó gbé òmíràn wá.