Ta ló ni fáìlì yìí? Ìyọ̀ǹda fáìlì àti fódà lẹ́yìn tí a bá gbé WordPress sórí Linux

WordPress, ètò tí wọ́n fi ń dá ìkànnì sílẹ̀, ti wọ orí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì) tán, ojú ìwé àkọ́kọ́ ti yọ, gbogbo rẹ̀ ń dán gbinrin. Ìgbà tí o fẹ́ gbé fọ́tò sí i ni wàhálà dé. Ó kọ ọ́ sójú rẹ gbàgàdà pé:

Unable to create directory wp-content/uploads/2025/03. Is its parent directory writable by the server?

Ohun tó ń wí ni pé òun fẹ́ dá fódà oṣù yìí sílẹ̀ kí òun lè kó fọ́tò rẹ sínú rẹ̀, àmọ́ wọn ò jẹ́ kí òun kọ ohunkóhun síbẹ̀. Ẹlòmíì á rí tirẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ fi plugin (ètò àfikún) kún un: dípò kí WordPress ṣe iṣẹ́ náà, ńṣe ni yóò máa béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà FTP (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà kó fáìlì lọ sórí sáfà) lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ onítọ̀hún ò sì gbé FTP kankan sórí sáfà rẹ̀. Àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì.

Lórí Linux, ètò tó ń darí sáfà náà, gbogbo fáìlì àti fódà ló ní ẹni tó ni wọ́n. Yàtọ̀ sí ẹni yẹn, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n kọ fáìlì náà mọ́. Ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ẹni tó ni ín, tí kò sì sí nínú ẹgbẹ́ yẹn, ará ìta ni. Ìyọ̀ǹda mẹ́ta ni wọ́n sì lè fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: láti kà á, láti kọ sínú rẹ̀, láti mú un ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Àṣẹ chmod tó ń yí ìyọ̀ǹda padà àti chown tó ń yí ẹni tó ni fáìlì padà ti wà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà àkọ́kọ́ ti Unix, ètò tí wọ́n fi Linux jọ, tó jáde ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1971. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò nígbà náà, kò sì yẹ kí Lágbájá lè ba iṣẹ́ Làkáṣègbè jẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọn ò mọ̀ pé Apache, ètò tó ń gbé ojú ìwé jáde lórí sáfà, ń jẹ́ orúkọ, bí èèyàn ṣe ń jẹ́ orúkọ. Lórí Ubuntu àti Debian, tí wọ́n jẹ́ oríṣi Linux, www-data ni Apache ń jẹ́ tó bá ń ṣiṣẹ́. Lórí Rocky Linux àti àwọn ẹbí rẹ̀, apache ló ń jẹ́. Tí o bá jókòó sídìí búráúsà tí o tẹ ibi tí wọ́n ti ń gbé fọ́tò sókè, kì í ṣe ìwọ lò ń kan fódà yẹn. www-data ló lọ bá ọ kan ilẹ̀kùn. Pé ìwọ lò ń san owó sáfà kò kàn án.

Báwo wá ni www-data ṣe di ẹni tí wọ́n ń dá padà lẹ́nu ọ̀nà? Rántí bí o ṣe tú WordPress sílẹ̀: sudo unzip. sudo ń jẹ́ kí o ṣe iṣẹ́ ní orúkọ root, ọ̀gá pátápátá lórí sáfà. Ohun tí o bá fi sudo dá sílẹ̀ báyìí, root ló ni ín. Wọ inú fódà WordPress lọ, kí o tẹ ls -ld wp-content, wàá rí i:

drwxr-xr-x 4 root root 4096 Mar 3 09:14 wp-content

Ìlà yìí ni kí o kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kà kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́tà d tó ṣáájú ń sọ pé fódà ni. Lẹ́tà mẹ́sàn-án tó tẹ̀ lé e, mẹ́ta mẹ́ta ni kí o pín wọn. rwx ni ti ẹni tó ni ín: ó lè kà, ó lè kọ, ó lè wọlé. r-x tó tẹ̀ lé e ni ti ẹgbẹ́, ìlà kékeré àárín yẹn sì ń sọ pé kò sí ìyọ̀ǹda láti kọ. r-x tó kẹ́yìn ni ti ará ìta. Root àkọ́kọ́ ni ẹni tó ni fódà, root kejì ni orúkọ ẹgbẹ́. www-data kì í ṣe root, kò sì sí nínú ẹgbẹ́ root, torí náà ará ìta ni. Ó lè wọlé, ó lè kà, kò gbọdọ̀ kọ. Ìdí nìyẹn tí ojú ìwé rẹ fi ń yọ láìsí wàhálà kankan, tí fọ́tò kò sì wọlé.

Àwọn nọ́ńbà tí wọ́n máa ń pè kò ju ìṣirò lọ. Kíkà jẹ́ 4, kíkọ jẹ́ 2, x jẹ́ 1. Ro wọ́n pọ̀ fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan: rwx di 7, r-x di 5, rw- di 6, r-- di 4. Nítorí náà 755 ni fódà tí a rí lókè yìí. 644 ló sì yẹ ọ̀pọ̀ fáìlì WordPress.

Iṣẹ́ x lórí fódà yàtọ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀ lórí fáìlì. Lórí fáìlì, ó túmọ̀ sí pé o lè mú un ṣiṣẹ́ bí ètò. Lórí fódà, ìyọ̀ǹda láti gba ibẹ̀ kọjá ni. Bí agbo ilé ni ọ̀rọ̀ náà rí: bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn àbáwọlé, yàrá ẹ̀yìn ìbáà ṣí sílẹ̀ gbayawu, àlejò ò lè débẹ̀. Láti Ubuntu 21.04 ni wọ́n ti ń fún fódà ilé oníṣe tuntun ní 750, èyí tó ti ará ìta pátápátá. Ẹni tó bá kó WordPress sábẹ́ /home, 403 Forbidden (ìyẹn pé sáfà kọ̀ láti ṣí ojú ìwé náà) ni yóò máa rí, kódà bó fún gbogbo fáìlì inú rẹ̀ ní ìyọ̀ǹda tó wù ú. namei -l pẹ̀lú ọ̀nà fáìlì náà yóò to gbogbo ilẹ̀kùn ojú ọ̀nà sílẹ̀ fún ọ, èyí tó tì á sì hàn. Mi ò mọ ìdí tí àwọn èèyàn kì í fi í lò ó.

Àwọn kan á ní kí o kàn lu chmod -R 777, ìyẹn ni pé kí o fún gbogbo èèyàn ní gbogbo ìyọ̀ǹda. Lóòótọ́, fọ́tò á wọlé. Àmọ́ o ti sọ fún gbogbo ètò tó wà lórí sáfà náà pé kí wọ́n kọ ohun tó wù wọ́n síbẹ̀, títí kan ìkànnì mìíràn tí àwọn gbájúẹ̀ bá ti já wọ̀. Ẹni tó ń yí nọ́ńbà káàkiri nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ni fódà ni ìṣòro, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Bí o bá sì ṣèèṣì lù ú lé fódà ilé tìrẹ, SSH, ọ̀nà tí o ń gbà wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn, kò ní gba kọ́kọ́rọ́ rẹ mọ́, torí ó rí i pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ síbẹ̀. O ti ara rẹ mọ́ta nìyẹn.

Ohun tó yẹ kí o ṣe ni kí o yí ẹni tó ni ín padà (bí fódà WordPress tìrẹ kò bá sí ní /var/www/html, fi ọ̀nà tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀):

sudo chown -R www-data:www-data /var/www/html

Lẹ́yìn náà, bí ìyọ̀ǹda bá ti dàrú, tún fódà ṣe lọ́tọ̀, tún fáìlì ṣe lọ́tọ̀, torí fódà nílò x, fáìlì kò nílò rẹ̀:

sudo find /var/www/html -type d -exec chmod 755 {} \;
sudo find /var/www/html -type f -exec chmod 644 {} \;

Dín wp-config.php kù sí 640, torí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ aṣínà dátábéèsì wà.

Àwọn kan kì í fẹ́ fún www-data ní gbogbo ilé, wp-content nìkan ni wọ́n ń yọ̀ǹda fún un, kí ẹni tó bá gba ihò plugin wọlé má baà lè yí fáìlì WordPress fúnra rẹ̀ padà. Ìkànnì tó ń gbowó ọjà yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Fún ìkànnì ìròyìn àdúgbò tí èèyàn kan ń bójú tó, mo gbà kí o fún un ní gbogbo rẹ̀, kí àtúnṣe ààbò lè máa wọlé fúnra rẹ̀. Tí o bá yan ti àkọ́kọ́, má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé fọ́tò ń wọlé, síbẹ̀ tí plugin ṣì ń béèrè FTP. WordPress máa ń dá fáìlì kékeré kan sílẹ̀ láti fi dánwò. Bí ẹni tó ni fáìlì yẹn bá yàtọ̀ sí ẹni tó ni fáìlì WordPress gan-an, FTP ni yóò béèrè.

Kí o tó padà sórí búráúsà, fi orúkọ www-data dán an wò:

sudo -u www-data touch /var/www/html/wp-content/idanwo

Bó bá ní "Permission denied", ilẹ̀kùn kan ṣì wà ní títì. Bó bá dákẹ́, ó ti gbà, pa fáìlì náà rẹ́. Lórí Rocky Linux, níbi tí o ti máa fi apache rọ́pò www-data, ìdánwò yìí lè yege kí WordPress sì tún kọ̀. SELinux, ètò ààbò mìíràn lórí Linux, ni kí o lọ bá nígbà náà: ó ní àmì tirẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ fáìlì, ls -Z ló ń fi í hàn, httpd_sys_rw_content_t sì ni àmì tó yẹ kó wà lára fódà tí o fẹ́ kí Apache máa kọ nǹkan sí.