Kí Ló Ń Gbé Ọkọ̀ Ojú Irin Akẹ́rù Ṣubú Lórí Òkè?

Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà rélùwéè tuntun láti Èkó dé Mọ́níyà, ìbéèrè nípa ọkọ̀ ojú irin ò tán lẹ́nu àwọn ará Ìbàdàn. Èyí tó ń rú wọn lójú jù ni ti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kú sójú ọ̀nà tàbí tó ń yẹ̀ kúrò lójú irin ní àwọn ilẹ̀ olókè. Mo mú díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n, irin ló wà nílẹ̀, irin náà ni ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kò sí kòtò níbẹ̀. Kí ló wá le nínú òkè gígùn?

Bí irin ṣe ń yọ̀ lórí irin ni àǹfààní rẹ̀, òun náà sì ni ìyọnu rẹ̀. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, agbára tó lè gbé kìlógíráàmù 2 péré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fa tọ́ọ̀nù kan lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì kan ṣe lè wọ́ ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù láìmí hẹlẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ń ga ní mítà 2 nínú mítà 100, tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan á tún béèrè kìlógíráàmù 20 lé e. Mọ́tò kékeré á gun irú òkè bẹ́ẹ̀ láìfura. Ní ti ọkọ̀ ojú irin, iṣẹ́ ti di ìlọ́po mọ́kànlá.

Ibi tí kẹ̀kẹ́ kan ti kan irin kò fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ ní ìbú àti ní gígùn. Ibẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì ti gbọ́dọ̀ rí ẹsẹ̀ tẹ̀. Kí òjò wẹliwẹli bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ewé lọ̀ mọ́ orí irin, kẹ̀kẹ́ á máa yí lójú kan, ọkọ̀ ò ní kúrò níbi tó wà. Tí ẹ́ńjìnnì bá dúró sítéṣàn, ẹ wo iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dáadáa: ẹ lè rí páìpù tín-ín-rín kan tó dojú kọ irin. Iyanrìn ló ń gba ibẹ̀ jáde. Afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ ẹ sábẹ́ kẹ̀kẹ́ kí kẹ̀kẹ́ lè rí nǹkan dì mú. Iyanrìn náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa; bó bá tutù, á dì sínú páìpù, awakọ̀ á sì wà lórí òkè láìsí olùrànlọ́wọ́.

Ohun mìíràn tó ń dá ọkọ̀ dúró ni ooru. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì oní-dísẹ̀lì, dísẹ̀lì ló ń yí jẹnẹrétọ̀, iná jẹnẹrétọ̀ ló sì ń yí àwọn mọ́tò tó wà lára kẹ̀kẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń rá pálá gòkè pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àwọn mọ́tò yẹn lè jóná.

Ṣé ìgbà tó bá ń gun òkè ló máa ń yẹ̀ kúrò lójú irin?

Ó ń ṣẹlẹ̀. Etí kẹ̀kẹ́ tó ń dì mọ́ irin kò ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Bí wọ́n bá kó wágọ̀nù (àpótí ẹrù tí ẹ́ńjìnnì ń fà) òfìfo sáàárín, tí wọ́n kó ẹrù wúwo sẹ́yìn, níbi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́ kọ́ná ẹ́ńjìnnì á máa fà síwájú, ẹrù á máa fà sẹ́yìn. Wágọ̀nù fúyẹ́ tó wà láàárín á fẹ́ já sí inú kọ́ná náà, á sì gòkè kúrò lórí irin. Ìgbà mìíràn, ìkọ́ tó so wágọ̀nù pọ̀ ló máa ń já. Ìyẹn kì í sábà pa èèyàn, nítorí pé láti ọdún 1872 ni George Westinghouse, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń hùmọ̀ ẹ̀rọ, ti ṣe bíréèkì tó máa ń mú fúnra rẹ̀ bí páìpù afẹ́fẹ́ tó so gbogbo wágọ̀nù pọ̀ bá já.

Ìsọ̀kalẹ̀ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Bí bíréèkì bá ń mú fúnra rẹ̀, báwo ni ọkọ̀ ṣe ń já lọ mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́?

Wágọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní táǹkì afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú táǹkì yẹn ló ń ti bíréèkì mọ́ kẹ̀kẹ́. Bí awakọ̀ bá ń tẹ̀ ẹ́, tó ń tú u, láì jẹ́ kí táǹkì kún padà, afẹ́fẹ́ á tán. Bíréèkì tó ti gbóná jù náà kì í mú dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ fi ń lo mọ́tò ẹ́ńjìnnì láti fà á sẹ́yìn, bí onítírélà ṣe máa ń fi jíà kékeré sọ̀kalẹ̀ ní Mọ́kọ́lá.

Afẹ́fẹ́ tó ti dé ìdí bíréèkì náà lè jò jáde díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2019, ọkọ̀ ọkà tó ní wágọ̀nù 112 dúró lórí òkè kan nítòsí Field ní ìwọ̀ oòrùn Kánádà. Bíréèkì afẹ́fẹ́ nìkan ló dì í mú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, nínú òtútù tó tó ìwọ̀n 28 sísàlẹ̀ òdo. Afẹ́fẹ́ jò, ọkọ̀ ṣí fúnra rẹ̀, òṣìṣẹ́ mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Wọn kò tíì yí bíréèkì ọwọ́ mọ́ ọn.

Bíréèkì ọwọ́ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ó jẹ́ kẹ̀kẹ́ irin kékeré kan lára wágọ̀nù, ọwọ́ èèyàn ló ń yí i títí tí ṣéènì á fi le. Kò nílò afẹ́fẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò, ó sì ń gba agbára.

Ṣé òun náà ló fa ti ìlú tó jóná ní Kánádà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ti Lac-Mégantic, ọjọ́ 6 oṣù Keje 2013. Ọkọ̀ tó gbé táǹkì epo rọ̀bì 72 sùn lórí òkè láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Bíréèkì ọwọ́ méje péré ni wọ́n yí. Awakọ̀ dán an wò bóyá ó dúró, àmọ́ kò tú bíréèkì afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì kó tó dán an wò, nítorí náà àyẹ̀wò yẹn kò wúlò. Iná ràn lára ẹ́ńjìnnì, àwọn panápaná sì pa ẹ́ńjìnnì náà. Ẹ̀rọ tó ń pèsè afẹ́fẹ́ kú pẹ̀lú rẹ̀. Ọkọ̀ yí lọ bíi kìlómítà 11 dé àárín ìlú. Èèyàn 47 ló kú. Ìdàgẹ̀rẹ́ tó gbé e lọ kò ju mítà 1.2 nínú 100 lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn bí èyí ṣe kéré tó.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹrù náà wà níbẹ̀. Ní San Bernardino, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù kan ti já lọ mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́ ní 1989, ẹrù tó wà lórí ọkọ̀ náà pọ̀ gan-an ju èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ. Ìwọ̀n ìwé yẹn ni awakọ̀ fi pinnu eré tó máa fi sọ̀kalẹ̀, bíréèkì tó sì wà lára àwọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, ẹni tó bá pa irọ́ ìwọ̀n ẹrù kò yàtọ̀ sí ẹni tó bá bíréèkì jẹ́.

Ọ̀nà tiwa ńkọ́, láti Èkó sí Ìbàdàn?

Ìbàdàn ga ju Èkó lọ ní nǹkan bíi mítà 200, ṣùgbọ́n kìlómítà 157 ni ọ̀nà tuntun fi pín in. Ọ̀nà àtijọ́ tó wọ Ìbàdàn ní 1901 náà ń yí po, kò kọjú sí òkè tààrà. Ohun tó yẹ kí a máa ṣọ́ níbí ni àgbàrá tó ń gbẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ kúrò lábẹ́ irin, oòrùn tó ń mú irin fẹ̀ títí tó fi wọ́, àti àwọn tó ń tú irin ìdè tà. Ẹ̀yin tó ń gbé ní Ọmí-Àdìó àti Mọ́níyà, bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ tètè lọ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ sítéṣàn. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá rí ọkọ̀ lókèèrè, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń sáré lè nílò kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dúró.