Àríyànjiyàn Kalam lórí okùnfà àgbáyé

Àríyànjiyàn Kalam dúró lórí gbólóhùn méjì: ohunkóhun tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní okùnfà, àgbáyé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà. Ẹni tó bá gba méjèèjì ti gbà pé ohun kan ló mú àgbáyé wá. Kalam ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ nípa Ọlọ́run nínú Ìsìláàmù. Gbólóhùn àkọ́kọ́ kò ṣàjèjì sí Yorùbá, àwa tá a máa ń sọ pé bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Al-Ghazali (1058–1111), ọmọ ìlú Tus ní Páṣíà, gbógun ti èrò àwọn tó ń tẹ̀lé Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìsì, pé ayé ti wà láti ayérayé. Ó ní kí wọ́n wojú ọ̀run: oòrùn ń yípo lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, pílánẹ́ẹ̀tì Saturn ń lo nǹkan bí 30 ọdún. Bí ayé kò bá níbẹ̀rẹ̀, ìyípo méjèèjì kò lóǹkà. Báwo wá ni ti ọ̀kan ṣe fi ìlọ́po 30 ju ti èkejì lọ? Ṣé iye náà ṣeé pín sí méjì ọgbọọgba, àbí ọ̀kan á ṣẹ́ kù? Ìbéèrè yìí mú ṣáṣá, àmọ́ ìṣirò Georg Cantor lórí iye tí kò lóǹkà, ní ọ̀rúndún 19, ti gba púpọ̀ nínú agbára rẹ̀. Thomas Aquinas, onígbàgbọ́ paraku, ní làákàyè nìkan kò lè fi hàn pé ayé níbẹ̀rẹ̀.

William Lane Craig, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Amẹ́ríkà, jí àríyànjiyàn náà dìde lọ́dún 1979, ó sì fi ìmọ̀ sánmà kún un. Ní 1964, Arno Penzias àti Robert Wilson ń gbọ́ ariwo kan nínú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń gba ìgbì rédíò láti òfurufú, ní Holmdel, New Jersey. Wọ́n lé ẹyẹlé inú rẹ̀, wọ́n fọ ìgbẹ́ wọn kúrò, ariwo kò lọ. Ooru tó ṣẹ́ kù látìgbà tí àgbáyé ṣì gbóná janjan ni, ní nǹkan bí bílíọ̀nù 13.8 ọdún sẹ́yìn. Ohun tí ooru yìí jẹ́rìí sí ni pé àgbáyé ti há, ó sì ti gbóná rí. Kò sọ pé kò sí nǹkan kan ṣáájú.

Ibi tó le jù ni ọ̀rọ̀ àkókò. Okùnfà máa ń ṣáájú ohun tó fà. Bí àkókò bá bá àgbáyé bẹ̀rẹ̀, kò sí “ṣáájú” tí okùnfà lè dúró sí. Craig dáhùn pé okùnfà àti ohun tó fà lè wáyé lẹ́ẹ̀kan náà. James Hartle àti Stephen Hawking, àwọn onímọ̀ físíìsì, ní 1983, gbé àwòṣe kan kalẹ̀ níbi tí àkókò kò ti ní ààlà ìbẹ̀rẹ̀ kankan.

Georges Lemaître, àlùfáà Àgùdà ará Bẹ́ljíọ̀mù tó kọ́kọ́ fi ìmọ̀ sánmà dábàá pé àgbáyé níbẹ̀rẹ̀, ní 1931, kò fẹ́ kí wọ́n fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí fún ẹ̀sìn tàbí lòdì sí i.