Àṣìkọ Kúrò, Àṣìrò Kù: Bí Áàpù Búlọ́ọ̀kù Ṣe Ń Kọ́ Ọmọdé Ní Kóòdù

Ẹni tó bá ń fi lẹ́tà kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, mọ̀ pé àmì kékeré kan tó bá fò ti tó láti da gbogbo rẹ̀ rú. Kọ̀ǹpútà ò ní sọ pé òun mọ ohun tí o ní lọ́kàn. Yóò kàn kọ̀ jálẹ̀. Àgbàlagbà pàápàá ń bínú dìde nídìí ẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ohun tí áàpù bíi Scratch, níbi tí ọmọ ti ń to búlọ́ọ̀kù àṣẹ pọ̀ dípò kó tẹ lẹ́tà, ṣe ni pé ó mú àṣìkọ kúrò ńlẹ̀. Àṣìrò ló fi sílẹ̀, inú àṣìrò yẹn sì ni ẹ̀kọ́ wà.

Ikọ̀ Mitchel Resnick ní yunifásítì MIT, Amẹ́ríkà, ló gbé Scratch jáde ní 2007. Ọ̀fẹ́ ni, ọmọ ọdún 8 sí 16 ni wọ́n sì ṣe é fún. ScratchJr, tó jáde ní 2014, jẹ́ ti ọmọ ọdún 5 sí 7: àwòrán ló wà lára búlọ́ọ̀kù tirẹ̀, ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà lè lò ó. Scratch ti àwọn ẹ̀gbọ́n ṣeé gbé sórí kọ̀ǹpútà, kò sì ní máa lo dátà lẹ́yìn náà.

Àṣẹ kan ló wà lára búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ wọn sì yàtọ̀: búlúù fún ìrìn, yẹ́lò fún ìbẹ̀rẹ̀, àwọ̀ ọsàn fún àkóso. Ọmọ á fi máòsì wọ́ ọ sábẹ́ èkejì, wọ́n á so pọ̀. Èyí tí kò bára mu ò ní wọlé. Ihò onígun mẹ́fà kì í gba búlọ́ọ̀kù olórí róbótó.

Búlọ́ọ̀kù yẹ́lò ló máa ń wà lókè pátápátá, orí rẹ̀ sì tẹ̀ kọdọrọ bíi fìlà kí ohunkóhun má lè lẹ̀ mọ́ ọn lókè. Láìsí fìlà yìí, kí ọmọ tẹ àsíá aláwọ̀ ewé tó ń mú eré bẹ̀rẹ̀ títí, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀. Bí apààlọ́ ò bá tíì pe "Ààlọ́ o!", ta ni yóò dáhùn "Ààlọ̀"?

Ká mú géèmù kan tó bá Ẹ̀pẹ́ mu: ọkọ̀ ojú omi ń kó ẹja lórí ọ̀sà. Ojú agbo tí eré ti ń wáyé fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ 480, ó ga tó 360, àárín gbùngbùn rẹ̀ sì ni òdo. Apá òsì dé −240. (Ibí yìí ni ọmọ lè ti kọ́kọ́ pàdé nọ́ńbà tó kéré sí òdo.)

Ọmọ á wá gbé búlọ́ọ̀kù "if" wá: bí ẹja bá kan ọkọ̀, fi 1 kún iye ẹja. Ó tẹ àsíá. Ẹja kan ọkọ̀, iye ò kúrò lójú òdo. Kí ló dé? Kọ̀ǹpútà ti bèèrè tirẹ̀ tán. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bèèrè, nígbà tí wọ́n tẹ àsíá, ẹja sì ṣì wà lókèèrè. Ó dà bí ìyá kan tó yọjú sí ọjà ẹja Olúwo láàárín òru, tó bá àtẹ òfìfo, tó wá lọ sọ nílé pé kò sẹ́ja lónìí. Àfi kí ọmọ fi "forever" (nígbà gbogbo), búlọ́ọ̀kù tó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbé nǹkan mì, gbé "if" náà mì, kí kọ̀ǹpútà lè máa bèèrè láìdákẹ́.

Ó bèèrè lóòótọ́, àní ó bèèrè jù. Scratch ń yí ojú agbo padà tó ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹja kan ṣoṣo tó bá fara kan ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan ti di ọgbọ̀n ẹja! Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á sì fẹ́ mọ ìdí. Ojútùú rẹ̀ ni kí ẹja sá lọ síbòmíràn ní kété tí wọ́n bá ti kà á.

Níbí ni olùkọ́ ti máa ń bà á jẹ́: á gba máòsì lọ́wọ́ ọmọ, á tún un ṣe. Èyí tó dáa jù ni kó ní kí ọmọ ka búlọ́ọ̀kù rẹ̀ sókè ní Yorùbá, látòkè délẹ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára wọn lè bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. "Nígbà gbogbo, bí ẹja bá kan ọkọ̀, fi ọ̀kan kún un." Ó dáa. Ó wá tẹ àsíá lẹ́ẹ̀kejì, iye ẹja bẹ̀rẹ̀ láti 14 dípò òdo, torí iye ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Olùkọ́ ní kó tún un kà. Kó tó kà á dé ìdajì, ó ti ń wá búlọ́ọ̀kù tí yóò sọ ọ́ di òdo, tí yóò sì fi í sábẹ́ fìlà.