Ṣé Ohun Tẹ́ Ẹ Pè Wá Wò Náà Nìyí?

Kò sí ìgbà tí mo gbé awò awọ̀nàjíjìn síta tí n kì í gbọ́ ọ. Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀, á yọjú wo NGC 1365, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ (galaxy) kan tó jìnnà réré, fún ìṣẹ́jú àáyá 3, á nàró: "Ọ̀gá, ṣé ohun tẹ́ ẹ pè wá wò náà nìyí? Bí èéfín ló rí." Àwòrán aláwọ̀ mèremère tó rí lórí fóònù ló ń wá.

Èéfín náà ni. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rin nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 56 kó tó kan ojú yín. Kámẹ́rà lè lajú sílẹ̀ fún wákàtí, kó máa gbe ìmọ́lẹ̀ bí agbada ṣe ń gbe òjò. Ojú èèyàn kì í gbe nǹkan kan pa mọ́. Ẹ pa fóònù. Ẹ jẹ́ kí òkùnkùn mọ́ yín lójú fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má tẹjú mọ́ ọn gan-an. Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n wí i?

Ìgbà yẹn lọ̀pá máa yọ: àwọn ìràwọ̀ tó tò gbọọrọ la àárín já, tí apá méjì ká kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀pá yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Òun ló ń dín eré gáàsì tó ń yí po kù, tí gáàsì fi ń yọ́ lọ sí àárín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń di ìràwọ̀ tuntun; ìwọ̀nba díẹ̀ á dọ́dọ̀ ihò dúdú tó wà láàárín, èyí tí òòfà rẹ̀ le débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kì í lè jáde nínú rẹ̀, á máa yí i ká, á gbóná kọjá sísọ. Lọ́dún 2013, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi NuSTAR àti XMM-Newton, awò méjì tó ń yí ayé po lókè, wo ìtànṣán X-ray tó ń ti ibẹ̀ wá, wọ́n sì rí i pé ihò náà ń pòyì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí ìṣirò Einstein gbà á láyè mọ.

"Ṣé kò ní gbé wa mì?" Háà! Ihò dúdú tó wà láàárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa níbí wúwo tó oòrùn mílíọ̀nù 4, ẹ ṣì ń sùn, ẹ ń jí. Ẹni tó ń fi èyí kéde òpin ayé, ẹ bi í léèrè iye tó ń tà á. Èmi náà kì í ka ìràwọ̀ orí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń wá ọjọ́ ìgbéyàwó, kó kúrò lórí ìlà mi.

Oòrùn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ọ̀kan nínú àwọn alárìíwísí wọ̀nyí ra awò tirẹ̀. Nígbà tí òru kò fún un ní àwọ̀, ó gbé e síta lọ́sàn-án, ó yí gíláàsì dúdú kékeré tó bá a nínú páálí mọ́ ibi tí wọ́n ti ń yọjú, ó kọ ọ́ sí oòrùn. Mo bá a níbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀, mo fà á lẹ́wù sẹ́yìn. A ṣì ń fa ọ̀rọ̀ nígbà tí gíláàsì dún "pàó", tó là sí méjì. Ibi tí ooru gbogbo ti pàdé ni wọ́n fi í sí, báwo ni kò ṣe ní là? Ẹnu iwájú awò ni gíláàsì ti oòrùn máa ń wà, ká sì so ó kí atẹ́gùn má ṣí i.

Ó wo gíláàsì, ó wò mí. Ó ní ibo lòun ti lè rí òmíràn rà.