Bí A Ṣe Ń Rin Àgbádárìgì

Ọ̀pọ̀ àlejò tí mo ń fi ọ̀nà hàn ní Àgbádárìgì ló máa ń fẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí etí òkun, nítorí pé òun ni wọ́n ti rí nínú fọ́tò. Èmi kì í gbà. Ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà ni mo máa ń tọ̀: ọjà ẹrú Vlekete, lẹ́yìn náà ilé tí wọ́n ti ń tì wọ́n mọ́lé, lẹ́yìn náà ọ̀sà, kí ó tó wá kan òkun.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù ni agbo ilé Seriki Williams Abass, tí a mọ̀ sí Brazilian Baracoon, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń ti àwọn ẹrú mọ́lé. Yàrá 40 ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, kótópó-kótópó, tí atẹ́gùn kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé. Ẹ má jáde láìbéèrè ìtàn onílé náà, nítorí ọmọ Yewa ni, wọ́n ta òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú dé Bràsíìlì, kí ó tó padà wá di oníṣòwò ẹrú. Àwọn ọmọdé a máa bi mí ní ìbéèrè lórí èyí tí n kì í lè dáhùn tán.

Láti Màrínà ti Àgbádárìgì ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéni sọdá sí erékùṣù Gberefu. Ẹ dúnàádúrà lórí owó ọkọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ sì gba jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Nígbà tí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹsẹ̀ ni ẹ óò fi rìn nínú iyanrìn, ẹ óò kọjá lára kànga tí ìtàn sọ pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Òwúrọ̀ ló dára, nítorí iyanrìn náà a máa jóni lẹ́sẹ̀ bí oòrùn bá ti mú. Ẹ má ṣe lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ o. Ìgbì òkun náà ń fa ènìyàn lọ.

Bí ẹ bá padà dé Màrínà, ẹ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, tí wọ́n sì parí ní 1845.

Àwọn kan máa ń fẹ́ fi igbó Lekki Conservation Centre kún un lọ́jọ́ kan náà. Kò ṣeé ṣe, nítorí ìpẹ̀kun Èkó kejì ló wà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ yóò sì jẹ ọjọ́ náà tán. Ẹ fún un ní ọjọ́ tirẹ̀, kí ẹ lè rin afárá orí igi tó gùn ní mítà 401 láìkánjú, kí ẹ sì fi oúnjẹ yín pamọ́ sínú báàgì, nítorí àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kì í tọrọ kí wọ́n tó mú.