Bí Ọkọ̀ Tuntun Bá Ń Dà Yín Láàmú ní Texas, Ẹ Di Ìwé Yín Mú

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston àti Dallas ló ń ra ọkọ̀ tia rọ́bà, tí jíà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò kí oṣù mélòó kan tó pé. Wọ́n á gbé e padà fún dílà tó tà á fún wọn, dílà á ní òun ò rí nǹkan kan. Nígbà tọ́rọ̀ bá wá sú wọn, wọ́n á wá sí ọ́fíìsì mi lọ́wọ́ òfìfo. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí òfin wà lẹ́yìn wọn, ẹ̀rí ni kò sí.

Lemon Law ti Texas, ìyẹn òfin tó ń gbèjà ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun tó ní àléébù, kò rí ti ọ̀dà ara ọkọ̀ tó ha rò. Àléébù tó wà lábẹ́ wáráńtì, ìyẹn ìlérí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ pé àwọn á tún un ṣe fún àkókò kan, ló ń wò, èyí tó ń dí lílo ọkọ̀ lọ́wọ́, tó ń bu iye tó lè pa lọ́jà kù gan-an, tàbí tó lè ṣe èèyàn léṣe. Láàárín oṣù 24 tàbí máìlì 24,000, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ẹ ti gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ lọ fún àtúnṣe lẹ́ẹ̀mẹrin lórí àléébù kan náà. Bó bá jẹ́ ohun tó lè gba ẹ̀mí, bíi bíréèkì tí kì í mú, ẹ̀ẹ̀mejì tó. Ó sì tún lè jẹ́ pé ọkọ̀ ti lo ọjọ́ 30 lápapọ̀ lọ́dọ̀ dílà fún àtúnṣe, tí àléébù náà ṣì wà. Ọjọ́ tí wọ́n bá yá yín ní ọkọ̀ mìíràn kì í sí lára rẹ̀.

Ìwé àtúnṣe tí dílà ń kọ ni gbogbo ẹjọ́ yìí dúró lé. Ẹ gbà á nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá lọ, kódà bí wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ kà á níwájú ẹni tó kọ ọ́: ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ dé, ọjọ́ tẹ́ ẹ gbà á, iye máìlì, àti ohun tẹ́ ẹ sọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kẹ́ ẹ máa sọ. Bẹ́ ẹ bá ní “ó ń pariwo” lónìí, tẹ́ ẹ ní “ó ń gbọ̀n” lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á ní àléébù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé àwọn ò rí àléébù, ẹ gba ìwé náà bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ́rìí pé ẹ gbé ọkọ̀ wá. Ẹ fi fóònù ya fídíò àléébù náà, àmọ́ kó má jẹ́ ẹni tó ń wakọ̀ ni yóò yà á. Ẹ má sì gbé e lọ fún mẹkáníìkì àdúgbò.

Àwọn èèyàn wa máa ń bá dílà jà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ gan-an ni òfin yìí dì mú. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kẹ́ ẹ fún wọn láyè láti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹ̀sùn lọ sí TxDMV, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Dọ́là 35 ni wọ́n ń gbà. Ẹ má jẹ́ kó kọjá oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí wáráńtì, oṣù 24 tàbí máìlì 24,000 bá pé, èyí tó bá ṣáájú nínú wọn. TxDMV lè pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà rà á padà, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n tún un ṣe. Bí wọ́n bá rà á padà, wọ́n á yọ owó ìlò tẹ́ ẹ ti lò ó.

Títí wọ́n á fi dájọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá owó tẹ́ ẹ ń san fún báǹkì lórí ọkọ̀ náà dúró. Báǹkì lè gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ má sì rí ohun tẹ́ ẹ máa dá padà fún ilé iṣẹ́ mọ́.